Rọ́bà ló ń di ilẹ̀ mú, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá ní Aberdeen, Sikọ́tílándì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ sì kú òtútù. Alága ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa mọ́tò akẹ́rù tí mo sọ di ilé, torí wọ́n ní ó ti ń di àṣà láàárín wa. Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí ni bí mo ṣe to bẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀, àti bí mo ṣe ń se ọbẹ̀ níbẹ̀ tí òórùn irú kò fi lé àwọn aládùúgbò sá. Ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Oṣù kọkànlá la wà, òkè Cairngorms ti ń funfun, mo sì ti gbọ́ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ gbé mọ́tò lọ wo yìnyín nígbà Kérésìmesì. Ẹ jẹ́ ká sọ ti táyà.

Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kòtò tí mò ń wí yìí, kòtò gidi ni, mo sì mọ bó ṣe jìn tó.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kìn-ín-ní ni. Èmi àti ìyàwó mi gba ọ̀nà Strathdon, a ń lọ sí Tomintoul. Ọ̀nà A939 tó gun òkè láti Cockbridge lọ sí Tomintoul, ọ̀nà olókìkí ni. Bí yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, òun ni ẹ sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti tì. Wọ́n fi géètì sí i bí ẹni fi géètì sílé, tí wọ́n ń tì bí yìnyín bá ti pọ̀ jù. Lọ́jọ́ tí mò ń wí, géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Yìnyín tó wà nílẹ̀ kò nípọn ju ìka méjì lọ. Mo ní kí ló wà nínú èyí? Ẹ́ńjìnnì mi le, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ni.

A kò tíì dé ibi tó ga jù lọ tí táyà iwájú fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí lófo. Mo tẹná sí i. Ó túbọ̀ ń yí, ó ń pariwo, ó ń dán yìnyín abẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń lọ aṣọ. Kò pẹ́, mọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sẹ́yìn, wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́. Ìyàwó mi wo ojú fèrèsé, ó wò mí, ó ní, “Bàbá Táyọ̀, ṣé à ń lọ ni àbí à ń bọ̀?” N kò rí èsì fún un. Ẹ̀yìn mọ́tò ló dáhùn: ó rọra jókòó sínú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà.

Ibi tí a jókòó sí la wà tí ìyá àgbà kan fi gun òkè kan náà bọ̀ nínú mọ́tò kékeré kan tó ti gbó. Kò sáré, kò pariwo. Ó juwọ́ sí wa, ó kọjá, ó lọ sí ilé rẹ̀ tó wà lókè. Mọ́tò tirẹ̀ náà, ẹsẹ̀ méjì iwájú ló ń fà á. Mo mọ irú mọ́tò yẹn, èmi náà ti ní irú rẹ̀ rí.

Àgbẹ̀ kan ló wá fi tírákítọ̀ fà wá jáde. Kí ó tó so okùn rárá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná tẹ táyà mi, ó sì mi orí. Kò wo ẹ́ńjìnnì. Kò bi mí bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Ohun tó sọ kò ju pé táyà ìgbà ooru ni mo gbé wá sórí òkè rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní. Mo nawọ́ owó sí i, ó kọ̀. Ìyàwó mi fún un ní tíì àti pọfupọ́ọ̀fù, ìyẹn ni kò kọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwé nípa ọ̀rọ̀ yìí, tí mo sì ń dán an wò lórí mọ́tò ara mi. Ohun tí mo rí rọrùn láti sọ: ẹ́ńjìnnì lè lágbára bí ẹfọ̀n, ohun tí táyà bá lè gbà lọ́wọ́ ilẹ̀ nìkan ni mọ́tò yóò rí lò. Ohun méjì ló sì ń pinnu ìyẹn, irú rọ́bà tó wà nílẹ̀, àti ìwúwo tó tẹ rọ́bà náà mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú rọ́bà. Gbogbo wa la ti jẹ àmàlà rí. Àmàlà gbígbóná, bí o bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, yóò gba àwòrán ìka rẹ, yóò wọ inú gbogbo ìlà àtẹ́lẹwọ́. Ẹ gbé e sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti le, ó ń ta ọwọ́ nù. Bí táyà ìgbà ooru ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí òtútù bá ti bọ́ sí nǹkan bí 7°C, tí ó sì ń lọ sísàlẹ̀, rọ́bà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le, kò lè wọ inú àwọn ihò kéékèèké ojú títì mọ́. Ẹ kíyè sí i pé n kò tíì dárúkọ yìnyín. Ojú títì lè gbẹ fúrúfúrú, kí táyà ti máa ṣe bí àmàlà àná. Ní Aberdeen níbí, ìdajì ọdún la fi ń rí òwúrọ̀ tó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Táyà ìgbà òtútù, èlò tí wọ́n fi pò ó yàtọ̀. Oje igi rọ́bà, irú èyí tí wọ́n ń kọ lára igi ní apá Sàpẹ́lẹ̀, máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi sílíkà sí i, kí ó lè máa rọ̀ nínú òtútù. Ohun kejì ni ilà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ojú rẹ̀ dáadáa: yàtọ̀ sí kòtò ńlá tí omi ń gbà jáde, ẹ ó rí ilà wẹ́wẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, bí ẹni tó kọ kẹ́kẹ́. Táyà ìgbà ooru, pélé mẹ́ta ló kọ, ó sì tán. Àwọn ilà wẹ́wẹ́ yìí máa ń ṣí bí táyà ti ń yí, wọ́n á bu yìnyín díẹ̀ sínú, wọ́n á há a mọ́. Ẹni tó bá ti rí àwọn ọmọ wa tó ń mọ yìnyín roboto láti jù lu ara wọn mọ ìdí rẹ̀: yìnyín a máa lẹ̀ mọ́ yìnyín ju bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ohunkóhun mìíràn lọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n lọ́jà? Àmì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, òkè olórí mẹ́ta tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Èyí tó ní àmì yìí, wọ́n ti dán an wò lórí yìnyín kí wọ́n tó fún un. Òmíràn wà tí wọ́n kọ M+S sí, ìyẹn ẹrẹ̀ àti yìnyín. Ẹni tó ṣe táyà ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, kò sí ìdánwò kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ilé ló jẹ́ pé irú M+S yìí ni wọ́n gbé jáde, tí olówó rẹ̀ á máa fọ́nnu pé táyà yìnyín lòun ní. Kí ó tó mọ̀ pé kìjìpá kì í ṣe awọ, ó ti wà nínú kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Àwọn ará Jámánì ti mú ojú kúrò lára M+S pátápátá: láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, bí yìnyín bá wà lójú títì, òkè olórí mẹ́ta nìkan ni òfin wọn mọ̀ sí táyà ìgbà òtútù.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ kí ẹ má gbàgbé bí ẹ bá fẹ́ ra á. Àkọ́kọ́, mọ́tò tí a sọ di ilé wúwo. Tèmi ń sún mọ́ tọ́ọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ bí omi, gáàsì, ìrẹsì àti ìyàwó mi bá ti wọlé. (Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi kí n yọ ìyẹn kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí.) Táyà tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ lè gbé ẹrù náà, kí ó jẹ́ irú tí wọ́n kọ C (ti mọ́tò akẹ́rù) tàbí CP (ti mọ́tò ilé) sí, kí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ má sì kéré sí èyí tó wà nínú ìwé mọ́tò. Èkejì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀. Mo mọ ọgbọ́n wa: “Ṣebí iwájú ló ń fà á, ẹ jẹ́ n ra méjì.” Bí iwájú bá di ilẹ̀ mú tí ẹ̀yìn kò dì í mú, lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì níbi kọ́nà, ẹ̀yìn ni yóò fẹ́ síwájú yín. Ẹsẹ̀ méjì ló ń fa mọ́tò, ṣùgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń dá a dúró.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sí ìwúwo, torí ibẹ̀ gan-an ni mọ́tò ilé ti yàtọ̀ sí mọ́tò tí a fi ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ fojú inú wo ọ̀kan tó wúwo ní kílò 3500, tí kílò 1500 wà lórí ẹsẹ̀ iwájú, tí 2000 wà lórí ẹ̀yìn, nítorí pé bẹ́ẹ̀dì, táǹkì omi àti bátìrì wà lẹ́yìn. Àlàfo àárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn jẹ́ mítà mẹ́rin. Nígbà tó bá kọjú sí òkè, ìwúwo ń fi iwájú sílẹ̀ lọ sẹ́yìn, bí ìgbà tí ẹni tó ru igbá bá ń gun òkè, tí ọrùn rẹ̀ fẹ́ tẹ̀ sẹ́yìn. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé iwájú ló ń fà á, gẹ́gẹ́ bí Fiat Ducato àti ọ̀pọ̀ mọ́tò ilé tó ń rìn ní Yúróòpù, níbi tó ti nílò agbára jù lọ gan-an ni ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ti ń fúyẹ́ sí i.

Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Ẹ gbà pé táyà ìgbà ooru lórí yìnyín tí wọ́n ti tẹ̀ lè gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo tó wà lórí rẹ̀, kí táyà ìgbà òtútù gba 30. Mọ́tò tí iwájú ń fà yìí, pẹ̀lú táyà ooru, òkè tó ga mítà 6 nínú mítà 100 ni yóò dá a dúró. Ẹ fi táyà ìgbà òtútù sí i, ó di 12. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ń tì í, pẹ̀lú táyà ìgbà òtútù kan náà, ó di 18. Ẹ wá wo èyí: mo ṣí ẹrù kílò 100 kúrò lẹ́yìn, mo kó o wá sẹ́yìn ìjókòó iwájú, ó kàn fi bí ìdá 1 kún un ni, láti 12 sí 13. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ìmọ̀ràn tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn kí n tó jìn sí kòtò, ti gbígbé ẹrù kiri ni. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí n ra àpò sìmẹ́ǹtì gbé sẹ́yìn. Sẹ́yìn! Mọ́tò tí iwájú ń fà!

Ṣùgbọ́n n kò ní kí ẹ má tún ẹrù tò o. Kẹ̀kẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ tí ẹ gbé kọ́ ẹ̀yìn pátá, tó yọ kọjá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kì í kàn ṣe pé kò ran iwájú lọ́wọ́, ńṣe ló ń gbé iwájú sókè bí ọmọdé tó jókòó sí ìpẹ̀kun pákó jangirọ́fà. Kílò 100 tó wà ní mítà kan lé díẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń mú bí 30 kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ gbé e wọlé. Bí táǹkì omi ìdọ̀tí bá wà lẹ́yìn, ẹ dà á nù kí ẹ tó gbéra. Àwọn tí ẹ̀yìn ń ti mọ́tò wọn, ẹ jẹ́ kí ẹrù yín wà lẹ́yìn níbi tó wà. Àǹfààní yín ni.

Àwọn àgbà tó wà níbí á rántí danfo Volkswagen àtijọ́ ní Èkó. Kí ló dé tí danfo yẹn fi máa ń la ẹrẹ̀ kọjá, níbi tí mọ́tò ńlá ti ń rì? Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, lórí ẹsẹ̀ tó ń tì í gan-an, àwọn èrò sì tún jókòó lé e. Ìwúwo wà níbi tí iṣẹ́ wà. Mọ́tò yẹn náà sì wà lára àwọn baba ńlá mọ́tò ilé tí à ń sọ yìí, torí láti ọdún 1951 ni ilé iṣẹ́ Westfalia ní Jámánì ti ń to bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sùn nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, àwa ń fún ara wa pa nínú rẹ̀ ní Ọ̀ṣòdì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ṣéènì, ẹ̀wọ̀n irin tí a ń dì mọ́ táyà. Ṣéènì kò le bí ẹ ṣe rò, ohun tó le ni kí ènìyàn kọ́kọ́ gbé e jáde nínú páálí lórí òkè, nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ọwọ́ tó ti kú. Ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ni a ń fi í sí, iwájú fún ẹni tí iwájú ń fà, ẹ̀yìn fún ẹni tí ẹ̀yìn ń tì. Ẹ wò ó nínú ìwé mọ́tò bóyá àyè wà fún un láàárín táyà àti irin, torí kì í ṣe gbogbo ìwọ̀n táyà ló gbà á. Ibi tó tẹ́jú ni kí ẹ ti fi í sí, ní ìsàlẹ̀ òkè, kí ẹ tó há. Ẹni tó ti há tán tó wá ń wá ṣéènì, ó dà bí ẹni tí òjò ti pa tán tó wá ń ra agbòòrùn. Bí ẹ bá ti fi sí i, ẹ má sá ju 50 km/h lọ. Bí ẹ bá sì ti kan títì dúdú, ẹ bọ́ ọ, torí ó ń ba títì jẹ́, títì náà á sì gbẹ̀san lára rẹ̀. Aṣọ táyà náà wà, irú bíi AutoSock tí àwọn ará Nọ́wè ṣe. Ó fúyẹ́, ó yá láti wọ̀, ó dára fún ìgbà tí ẹ kàn fẹ́ jáde kúrò lójú kan. Ẹ má rò pé ẹ ó fi í la òkè mẹ́ta kọjá lórí títì tó gbẹ; yóò ya bí aṣọ.

Ọ̀nà tí a ń gbà wa mọ́tò náà kò gùn. Ẹ fi jíà kejì gbéra, kí ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin kalẹ̀. Kí táyà iwájú kọjú síwájú tààrà. Bí òkè bá wà níwájú, ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà níwájú yín gùn ún tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà dúró lójijì kó dá yín dúró sí agbede méjì. Nígbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lófo, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ má fi kún un. Ìdí ni pé ohun tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì, dọ́gbadọ́gba ló ń pín in. Bí ẹsẹ̀ òsì bá wà lórí omi dídì tí kò gba nǹkan kan, ọ̀tún náà kò ní rí ju nǹkan kan yẹn lọ, bó tilẹ̀ wà lórí òkúta. Àwọn mọ́tò òde òní ní ọgbọ́n kan: kọ̀ǹpútà wọn á tẹ bíréèkì fún èyí tó ń yí lófo, agbára á wá lọ sí ìkejì. Èyí tó wà nínú Ducato ní bọ́tìnnì tirẹ̀, wọ́n ń pè é ní Traction+, kì í sì ṣiṣẹ́ mọ́ bí eré bá ti kọjá 30 km/h. Ẹ lọ wò ó bóyá tiyín ní in. Ẹnì kan níbí ti ra mọ́tò rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, ó rò pé bọ́tìnnì rédíò ni.

Ọgbọ́n àtijọ́ kan tún wà fún ẹni tí iwájú ń fà, ìyẹn kí ó fi ẹ̀yìn gun òkè. Nígbà náà, ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ló wà nísàlẹ̀, ìwúwo á wá bà lé e. Ó ṣiṣẹ́, mo ti ṣe é rí, ní ojú ọ̀nà oko tí kò sí ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe é lórí ọ̀nà ńlá A93.

Òkè ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù. Ìsọ̀kalẹ̀ ló yẹ kí a bẹ̀rù. Bí ẹ bá ń sá 50 km/h, tí ẹ wá tẹ bíréèkì, lórí títì gbígbẹ, bí mítà 14 ni ẹ ó fi dúró. Lórí yìnyín tí wọ́n ti tẹ̀, pẹ̀lú táyà ìgbà òtútù, bí mítà 33. Lórí omi dídì tí ojú kò rí, ó ń lọ sí mítà 100, ìyẹn gígùn pápá bọ́ọ̀lù. Ìṣirò ni, n kò tíì fi kún un àkókò tí ẹ fi ń pe Jésù tàbí Áláà. Ẹ tètè fi jíà kékeré sọ̀kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa di mọ́tò mú. Omi dídì tó wà ní ẹ̀bá òdo gan-an, tó fẹ́ yọ́ tí kò tíì yọ́, ló ń yọ̀ jù lọ. Ti òru tó tutù gan-an kò yọ̀ tó o.

Ìjọba ń da iyọ̀ o, kí n má purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n tilẹ̀ ń fún àwọn mọ́tò tó ń da iyọ̀ lórúkọ, ẹ lè wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: Gritney Spears ń bẹ níbẹ̀, Sir Andy Flurry náà ń bẹ. Àwọn ará ibí náà mọ orúkọ í sọ. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti lọ jìnnà sísàlẹ̀ òdo, iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Braemar tó wà lójú ọ̀nà wa níbí ti rí -27.2°C lẹ́ẹ̀mejì, ní ọdún 1895 àti 1982. Láti ibẹ̀ ni A93 sì ti gun Cairnwell, ọ̀nà ńlá tó ga jù lọ ní gbogbo Britain, mítà 670.

Ohun tí mo ń kó sínú mọ́tò tèmi láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin ni ṣọ́bìrì kékeré, àpò iyanrìn kan, pákó oníke méjì tí wọ́n ń tì bọ abẹ́ táyà, okùn, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, iná tí a ń dè mórí, àti igi wẹ́ẹ̀jì. Ẹ ń rẹ́rìn-ín wẹ́ẹ̀jì. Ẹ rántí ọmọ mọ́tò tó máa ń sá tẹ̀lé lọ́rì lórí òkè, tó di wẹ́ẹ̀jì mú? Bí mo bá ní i lọ́jọ́ yẹn, tí ìyàwó mi gbà láti ṣe ọmọ mọ́tò, a kì bá tí dé inú kòtò. Gáàsì yín náà: ti butane kì í fẹ́ jáde mọ́ bí òtútù bá ti dé òdo, propane ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá sì há tí yìnyín ń bọ̀ sí i, tí ẹ fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì fún ooru, ẹ kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì gbá ẹnu páìpù èéfín mọ́. Èéfín tó bá rí ibi tó dí, inú mọ́tò ló ń padà sí, afẹ́fẹ́ olóró inú rẹ̀ kò ní òórùn tí ẹ ó fi mọ̀, ó sì ti pa ènìyàn.

Alága ní àkókò ń lọ. Ó yá, ẹ béèrè.

Ìyá kan láti ẹ̀yìn ní: “Ọmọ mi, gbogbo wàhálà yìí, ṣé kò ní dára kí a ra èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà á kó tán?”

Ẹ ṣeun, mà. Bí owó bá wà, ẹ rà á, yóò gun òkè ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n kò ní tètè dúró ju tèmi lọ, kò sì ní yà ní kọ́nà ju tèmi lọ, torí bíréèkì ẹsẹ̀ mẹ́rin ni gbogbo wa ní. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin pẹ̀lú táyà ìgbà ooru, eré tó fi gun òkè yẹn ni yóò fi sọ̀kalẹ̀. Bó bá jẹ́ owó èmi, táyà mẹ́rin tó dára ni mo máa kọ́kọ́ rà, ma wá fi ìyókù ra epo.

Àbúrò kan ní: “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí a jó afẹ́fẹ́ táyà kúrò, bí àwọn tó ń rìn nínú iyanrìn ṣe ń ṣe.”

Nínú yìnyín tó jìn, láti jáde kúrò lójú kan, ó lè ràn yín lọ́wọ́, bí ẹ bá ní ohun tí ẹ ó fi tún fẹ́ ẹ. Lójú títì, rárá o. Mọ́tò tọ́ọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ kọ́ ni a ń fi táyà rírọ̀ sá. Òtútù fúnra rẹ̀ ti ń jó o fún yín: bíi 1 psi, ìyẹn òdiwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà, ni ìwọ̀n 5 tàbí 6 Celsius tó bá wálẹ̀ ń mú lọ. Òwúrọ̀ tó tutù ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó gbéra.

Ẹ̀gbọ́n kan dìde, ó bi mí nípa tòkunbọ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, torí mo mọ̀ pé ìbéèrè gbogbo wa nìyẹn.

Ẹ lè rà á, sà. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tó ti gbó ti le láì dúró de òtútù. Ẹ mú ohun ìwọ̀n dání kí ẹ wo bí ilà rẹ̀ ṣe jìn tó. Òfin níbí ní 1.6 mílímítà tó, ṣùgbọ́n àwọn ará Ọ́sítríà kò ka táyà yìnyín sí táyà yìnyín mọ́ bí ó bá kéré sí 4, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Èmi kì í ra tòkunbọ̀ fún mọ́tò tí ìyàwó mi ń sùn nínú rẹ̀.

Alákòóso ní ìbéèrè kan ló kù. Arábìnrin tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn ló nawọ́, ó ní òun ti ra ṣéènì láti ọdún tó kọjá, ó ṣì wà nínú páálí, òun kò mọ ẹ̀yìn rẹ̀ yàtọ̀ sí iwájú.

Mo bi í bóyá ó gbé e wá. Ó ní ó wà nínú búùtù. Ó dáa. Mọ́tò mi wà níta níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, òkùnkùn ti ṣú, òjò sì ti ń wẹ́. Ẹ wọ kóòtù yín. Arábìnrin, ẹ̀yin lẹ máa fi í sí i o, èmi á kàn di iná mú.